Orúnkún tó ń ro ọ̀dọ́: kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni làkúrègbé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé àgbàlagbà nìkan ni orúnkún ń dùn. Nítorí náà, bí ọmọ ọdún 25 bá ń tiro, tí kò sì rántí ibi tó ti ṣubú, wọn a ní làkúrègbé ni, tàbí pé ọ̀tá ló fi nǹkan sí i lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń fa ìrora náà ju ẹyọ kan lọ.

Ohun tí dókítà sábà máa ń béèrè ni bí orúnkún ṣe ń rí láàárọ̀. Bí ó bá le nígbà tí ènìyàn jí, ṣùgbọ́n tó dẹ̀ kí ó tó tó ìṣẹ́jú 30, iṣẹ́ agbára, eré ìdárayá tàbí ìfarapa ló sábà máa ń fà á. Agbábọ́ọ̀lù tí orúnkún rẹ̀ há lójijì, tí kò ṣe é nà mọ́, ó ṣeé ṣe kí kérékéré inú rẹ̀ ti ya.

Àmọ́ bí líle náà bá ń kọjá wákàtí 1, tí oríkèé ìka ọwọ́ méjèèjì sì ń wú, ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ara ló kọjú ìjà sí oríkèé. Obìnrin ni èyí ń bá jà jù. Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò. Ìtọ́jú tó tètè bẹ̀rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí oríkèé wọ́.

Ní ti ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde, ìbàdí ni ìṣòro lè wà, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò dé orí egungun itan dáadáa mọ́, síbẹ̀ kó jẹ́ orúnkún ni yóò máa ro ó. Ó yẹ kí wọ́n yẹ ìbàdí náà wò.

Èyí tí kò gba ìdúró rárá ni orúnkún kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tí ibà sì bá a rìn. Kòkòrò àrùn lè ti wọ inú rẹ̀. Àtọ̀sí pàápàá lè gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ibẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó lè ba kérékéré jẹ́ pátápátá. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé aláìsàn lọ sí ilé-ìwòsàn, kí dókítà lè fa omi inú orúnkún náà wò. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wọ́ tàbí tí wọ́n ń sín gbẹ́rẹ́ sí.

Oògùn ara ríro tí ènìyàn ń dá lò fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lè dá egbò sínú ikùn, kó sì ba kíndìnrín jẹ́. Ó tún lè bo àmì àrùn mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi pẹ́ jù. Ìrora tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti kúrò ní ohun tí wọ́n ń fi oògùn nìkan tẹ̀ rì. Àyẹ̀wò ló kàn.