Àrùn Asọni-di-Onígbèsè: Ìtàn Oró Botulism Láàrin Ẹja Ọ̀sìn



Orúkọ ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní Denmark, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja trout nínú adágún tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀, àrùn kan wà tí wọ́n ń pè, ní èdè wọn, ní àrùn asọni-di-onígbèsè. Orúkọ náà kò sọ ohunkóhun nípa ẹja. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ẹja ni ó ń sọ.

Oró náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlejò. Ní oṣù Kejìlá 1895, ní abúlé Ellezelles ní Bẹ́ljíọ̀m, àwọn olórin kan jẹ itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ níbi ìsìnkú. Mẹ́ta nínú wọn kú. Émile van Ermengem rí kòkòrò àìfojúrí tí ó ṣe iṣẹ́ náà, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1897. Láti inú ọ̀rọ̀ Látìn fún sọ́séèjì ni a ti mú orúkọ botulism, nítorí pé sọ́séèjì ni ó pa àwọn ará Jámánì tí a kọ́kọ́ ṣe ìwádìí ikú wọn. Ní tèmi, orúkọ yìí ṣì wá lọ́nà. Ó mú kí a máa wá oró náà nínú àwo oúnjẹ ènìyàn, kì í ṣe nínú omi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà E, tí a dá mọ̀ ní 1936, ara ẹja ni a ti rí i, ó sì lè gbèrú nínú òtútù ìwọ̀n 4 Celsius.

Ní 1974 ni Huss àti Eskildsen fi hàn pé ẹ̀yà E yìí ni ó ń pa trout ọ̀sìn ní Denmark. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kòkòrò náà ń sùn nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún, bí irúgbìn nínú èèpo líle. Bí ẹja kan bá kú, tí ó rì, tí ó sì ń jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, irúgbìn náà a hù nínú òkú yẹn, a sì máa pèsè oró. Ẹja mìíràn a wá jẹ òkú náà. Oró a dínà iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí ẹran ara. Ẹja kò ní lè darí ara rẹ̀ mọ́, a léfòó, a rì, a tún léfòó, títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Òun náà a rì, a di oúnjẹ fún àwọn tí ó kù. Báyìí ni adágún kan ṣe lè ṣófo.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, irú ikú bẹ́ẹ̀ wọ àárín ẹja ọ̀sìn ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà. Ẹja náà fi irùngbọ̀n jọ àrọ̀ tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé mìíràn ni. Wọ́n pè é ní oró inú. Wọ́n mọ̀ pé oró ni, wọn kò mọ irú èyí tí ó jẹ́. Àwọn olùwádìí gba omi ẹ̀jẹ̀ lára ẹja tí ń ṣàìsàn, wọ́n gún un sí ara èyí tí ó lera, òun náà sì ṣàìsàn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ po omi ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ apá oró ẹ̀yà E, kò pa ẹja lára mọ́. Ọdún 2007 ni èyí jáde: ọdún 33 lẹ́yìn ti Denmark! Mo máa ń ronú sí i pé, bí ẹnì kan bá ti pe àrùn Denmark ní àrùn òkú ẹja, bóyá a kì bá tí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Iná ìdáná a máa ba oró náà jẹ́ nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́n omi adágún tán, inú ẹrẹ̀ ni irúgbìn rẹ̀ yóò ṣì wà.