Aróṣọ, Oníkaba àti Ọba Tó Ṣe Àtìpó

Ní kíláàsì mi ní Ajégúnlẹ̀, ọmọ olùtajà ló pọ̀ jù. Nígbà tí a ka Aké, ìwé ìrántí èwe tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní 1981, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ sí Yorùbá, ọmọ kan bi mí pé: "Ta ló ń bá wọn ṣọ́ ọjà wọn nígbà tí wọ́n dó ti ààfin?"

Ìtàn ìdílé ni ìwé náà. Ìdílé Ransome-Kútì ni ìyá Ṣóyínká ti wá, Fúnmiláyọ̀ sì ni aya ilé náà tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ. Àwọn oníkaba tó kàwé ló kọ́kọ́ ń pàdé; nígbà tí àwọn aróṣọ ọjà dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ń já ìrẹsì gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin yìí. Wọ́n ń san owó orí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń bù ú. Ní ìparí 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn yí ààfin ká. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. Òṣogbo ló ti ṣe àtìpó títí di oṣù kejìlá 1950.

Ẹ kíyè sí i o: 1946 ni Ṣóyínká wọ Government College, Ìbàdàn, ṣùgbọ́n nínú ìwé rẹ̀, ìjà náà ti ṣẹlẹ̀ kí ọmọ náà tó lọ. Èmi kò pe èyí ní irọ́. Ìrántí a máa fa ọdún mọ́ra. Ohun tó ń dùn mí ni pé a mọ orúkọ àwọn oníkaba, orúkọ àwọn aróṣọ kò tó nǹkan.

Àtìpó náà kò yọ ìdílé yìí sílẹ̀. Ní 1957 ìjọba kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà Fúnmiláyọ̀ ṣe. Ní 1977 àwọn ṣọ́jà jù ú láti ojú fèrèsé ilé Fẹlá, ọmọ rẹ̀. Ó kú ní 1978. Ní 1994 Ṣóyínká gun alùpùpù gba inú igbó dé ilẹ̀ Benin, kò sì padà títí di 1998. Ọdún méjì péré ni ọba lò.

Ìwé náà kò dáhùn ìbéèrè ọmọ yẹn. Mo ní kó lọ bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọjà rẹ̀ nígbà ìdaṣẹ́sílẹ̀ lórí owó epo ní oṣù kìíní 2012. Ojú ìwé méjì ló kọ wá, tòmátò jíjẹrà ló sì kún inú rẹ̀.