Bátìrì Inú Ọ̀pá Tó Ń Wá Irin

Ní ẹnu ọ̀nà báńkì, ilé ìjọsìn àti gbọ̀ngàn àríyá lóde òní, ẹ̀ṣọ́ a máa gbé ọ̀pá kékeré kan sún mọ́ ara àlejò láti èjìká dé ẹsẹ̀, bóyá ìbọn tàbí ọ̀bẹ wà níbẹ̀. Ìwọ̀nba èèyàn ló ń béèrè bóyá bátìrì inú ọ̀pá náà ṣì lágbára. Èyí tí bátìrì rẹ̀ ti kú kò yàtọ̀ sí igi. Ó tilẹ̀ burú ju igi lọ, nítorí ó ń fi ọkàn àwọn tó wà nínú ilé balẹ̀ lórí òfo.

Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1881, Charles Guiteau yìnbọn fún James Garfield, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Washington. Àwọn dókítà wá ọta náà títí, wọn kò rí i. Alexander Graham Bell, ẹni tí a mọ̀ mọ tẹlifóònù, wá gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀: iná bátìrì ń gba inú wáyà tí a ká ròbótó, bí irin bá sì sún mọ́ ọn, tẹlifóònù tí ó fi sétí yóò dún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó lò ó fún Ààrẹ, kò rí ọta. Wáyà irin wà nínú ibùsùn, Dókítà Willard Bliss kò sì gbà kí wọ́n wá ibòmíràn ju apá ọ̀tún lọ. Nígbà tí Garfield kú ní oṣù kẹsàn-án, tí wọ́n la òkú rẹ̀ yẹ̀ wò, apá òsì ni ọta wà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún Bell: ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́ ló jẹ̀bi jù.

Bátìrì Bell dúró sójú kan. Ìgbà tí a fẹ́ máa gbé ẹ̀rọ náà rìn ni wàhálà dé. Gerhard Fisher gba ìwé àṣẹ lórí tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1937. Nígbà ogun àgbáyé kejì, Józef Kosacki, ọmọ ogun Poland tó wà ní Scotland, ṣe èyí tó ń wá bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀. Ó fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì lò ó ní El Alamein ní 1942. Ẹrù náà tó nǹkan bíi kílò 14. Gílóòbù inú ẹ̀rọ ìgbà náà gbọ́dọ̀ gbóná kí ó tó ṣiṣẹ́, gbígbóná yìí ló sì ń jẹ bátìrì. Ọmọ ogun tí bátìrì rẹ̀ bá kú láàárín pápá bọ́ǹbù, ẹ fúnra yín ẹ rò ó wò.

Transistor, tí wọ́n ṣe ní 1947 ní ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ Bell, ló tú àjàgà náà. Kò nílò gbígbóná. Láìpẹ́, bátìrì kékeré oníhà mẹ́rin, fóòtì 9, tí a mọ̀ mọ rédíò, tó láti gbé ẹ̀rọ náà ró. Irú rẹ̀ ṣì ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ ọ̀pá àwọn ẹ̀ṣọ́ títí di òní.

Ṣùgbọ́n ariwo àti gbígbọ̀n ọ̀pá náà ń jẹ iná, bẹ́ẹ̀ ni títàn tí a kì í pa á nígbà tí èrò kò sí. Ọ̀pọ̀ bátìrì tí a lè gba iná sí, tí wọ́n kọ 9 sí lára, kò ju 7.2 tàbí 8.4 lọ, nítorí náà iná ìkìlọ̀ a tètè tàn. Bí a bá sì fi bátìrì sílẹ̀ sínú ọ̀pá tí a kò lò fún oṣù púpọ̀, omi rẹ̀ lè jò kí ó sì ba ojú irin inú rẹ̀ jẹ́. Kọ́kọ́rọ́ inú àpò ẹ̀ṣọ́ tó fún àyẹ̀wò: kí ó gbé ọ̀pá sún mọ́ ọn kí àlejò àkọ́kọ́ tó dé, kí ó sì tún un ṣe nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n.