Lẹ́tà Tó Já Padà: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Dènà Ímeèlì Àwọn Tí Kò Ṣẹ̀

550 ni nọ́ńbà tí ẹni tó ń tọ́jú sáfà ímeèlì kì í fẹ́ fojú kàn. Òun ni sáfà òkèèrè fi ń dáhùn nígbà tó bá ti pinnu pé òun kò ní gba lẹ́tà rẹ. Mo rí i ní Òmù-Àrán, ní ìpínlẹ̀ Kwara, lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń bá akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú kan fi ìwé ìpàdé ọdún ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé tó wà ní London àti Houston. A ò tíì sọ̀rọ̀ méjì tán tí àwọn lẹ́tà náà ti ń já padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí àjèjì kankan nínú àwọn tá a kọ̀wé sí. Ìdáhùn náà ní àdírẹ́sì IP wa, ìyẹn nọ́ńbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dá wa mọ̀, wà nínú àkójọ àwọn tí wọ́n dènà. A ò mọ ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀, a ò sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ tá a ṣẹ̀.

Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Síbẹ̀, kì í ṣe ìkà ló bí ìdènà yìí. Ní oṣù Kẹjọ 1982 ni Jon Postel, ní California, gbé ìlànà SMTP jáde, èyí tí ímeèlì gbogbo ayé ṣì ń tẹ̀ lé. Ìkíni ló fi bẹ̀rẹ̀. Sáfà tó ní lẹ́tà lọ́wọ́ á kanlẹ̀kùn, á ní HELO, ìyẹn “ẹ ǹlẹ́ o”. Sáfà kejì á dáhùn pé 250, ó gbà nìyẹn. Àlejò á dárúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà, 250; á dárúkọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, 250. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé ọmọ ta ni ọ́. Ìwọ̀nba èèyàn tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà náà mọ ara wọn bí ará agboolé kan, wọn kì í tilẹ̀kùn. Lóòótọ́, oníṣòwò ti wọlé kí ìlànà yẹn tó jáde: ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 1978, Gary Thuerk tó ń tajà fún Digital Equipment Corporation fi ìpolówó kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 èèyàn láìtọrọ àyè. Inú bí wọn gidigidi, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wá di ti gbogbo ayé, pàǹtí ìpolówó bo àpótí lẹ́tà. Láàárín àwọn ọdún 1990, Paul Vixie àti Dave Rand dá MAPS sílẹ̀. Spam, bí wọ́n ṣe ń pe irú pàǹtí bẹ́ẹ̀, ni orúkọ náà téèyàn bá kà á láti ẹ̀yìn wá. Wọ́n ṣe àkójọ àdírẹ́sì àwọn tó ń da pàǹtí síta, kí sáfà tó bá fẹ́ lè yẹ àkójọ náà wò kó tó gba lẹ́tà. Ní 1998, Steve Linford dá Spamhaus, tó ń ṣe irú àkójọ bẹ́ẹ̀, sílẹ̀ ní London. Iṣẹ́ ribiribi ni. Láìsí wọn, bóyá ni ímeèlì ìbá ṣì wúlò lónìí. Ọ̀kan tó yọjú ní 2001, SPEWS, ni mi ò lè gbóríyìn fún. Kò sẹ́ni tó mọ àwọn tó ń ṣe é, wọn ò sì ní àdírẹ́sì téèyàn lè kọ ẹ̀bẹ̀ sí. Bí oníbàárà kan ní ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì bá da pàǹtí, wọ́n á fẹ ìdènà náà kan àwọn oníbàárà tó wà nítòsí rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ náà bàa lè lé e jáde. Ọmọ aládùúgbò ni wọ́n ń nà kí bàbá olè lè gbọ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni kafé íntánẹ́ẹ̀tì gbòde ní Nàìjíríà. Díìṣì kan lórí òrùlé, kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tàbí ogún nísàlẹ̀, àdírẹ́sì IP ẹyọ kan fún gbogbo wọn. Ọmọ yahoo tó sanwó mọ́jú á fi òru kọ lẹ́tà jìbìtì 419. (Òfin ọ̀daràn apá Gúúsù ni nọ́ńbà 419 ti wá, Penal Code ti apá Àríwá ni wọ́n ń lò ní Kwara, orúkọ náà ṣáà ti di ti gbogbo wa.) Nígbà tílẹ̀ bá mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá àyè ní yunifásítì òkèèrè á jókòó sórí àga kan náà, lẹ́tà tirẹ̀ á sì já padà. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò sunwọ̀n, tá ò bá kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀ huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ṣùgbọ́n báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣe máa kìlọ̀ fún ẹni tí kò rí rí?

Èyí tó burú jù ni pé àwọn alábòójútó sáfà kan lókèèrè ò tilẹ̀ yẹ àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan wò mọ́. Orílẹ̀-èdè lódindi ni wọ́n ń dènà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn wọ̀nyí ò tiẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ rárá.

Irú rẹ̀ kan àwọn òyìnbó náà. Láti oṣù Kejìlá 2004, Verizon ní Amẹ́ríkà dènà ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń bọ̀ láti Yúróòpù. Àwọn oníbàárà pe ẹjọ́, ní 2006 ilé-iṣẹ́ náà sì gbà láti san owó díẹ̀ fún wọn. Oníbàárà ló lè pẹjọ́ bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń sanwó. Ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti ìta ò ní ibi tó máa gbà wọlé.

Nàìjíríà pẹ̀lú gbìyànjú láti tún ilé ṣe. EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003, òfin 2006 sì pàṣẹ kí kafé forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní 2005 ni AFRINIC gba àṣẹ láti máa pín àdírẹ́sì IP fún Áfíríkà. Ṣáájú ìgbà náà, RIPE NCC ní Amsterdam ló ń pín in fún apá ibi tí Nàìjíríà wà, ilé-iṣẹ́ sátẹ́láìtì sì ń fi tiwọn yá kafé. Kafé kú nígbà tí fóònù dé, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì àjùmọ̀lò ò kú: àìmọye fóònù ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń kó sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo.

Láti oṣù Kejì 2024, Google àti Yahoo ti pàṣẹ pé ẹni tó bá ń fi lẹ́tà rẹpẹtẹ ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní SPF, DKIM àti DMARC, èyí tó ń jẹ́rìí pé òun ló ni orúkọ tó ń jẹ́. Mo fara mọ́ ọn, nítorí ìwà ẹni tó kọ lẹ́tà ni wọ́n á wò, kì í ṣe àdúgbò rẹ̀ nìkan. Ìṣòro ni pé ẹgbẹ́ ìlú tàbí ilé ẹ̀kọ́ kékeré ní Ẹ̀sìẹ́ kì í sábà ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn sáfà mìíràn sì wà tí kì í sọ pé 550. Wọ́n á dáhùn 250, wọ́n á sì da lẹ́tà náà nù. Ìwọ á máa rò pé ó ti dé.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ti fi WhatsApp ṣe gbogbo rẹ̀ báyìí. Bàbá kan ló kù ní Manchester tí kì í lò ó. Tirẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, a fi sínú àpò-ìwé, a sì fi rán ẹni tó ń wọkọ̀ òfuurufú lọ lọ́sẹ̀ yẹn.