Signal Tí Wọ́n Ń So Mọ́ Ọmọ Lọ́rùn

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí, ẹ̀yin ti Nàìjíríà lè má tètè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ níwájú ẹni tó kàwé Faransé lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, tó sì ti lé ní ogójì ọdún, ẹ ó rí i bí ojú rẹ̀ yóò ṣe yí padà. "Signal" ni orúkọ náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ pákó kékeré kan, ó lè jẹ́ eegun ẹran, ìkarahun ìgbín, tàbí agolo tó ti dípẹtà, tí wọ́n lu ihò sí, tí wọ́n sì ki okùn bọ̀. Láàárọ̀, olùkọ́ á gbé e fún ọmọ kan. Ọmọ náà á máa dẹtí. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá gbọ́ tó sọ Yorùbá, tàbí Gùn, tàbí Fọ̀n, ìbáà ṣe nínú kíláàsì, ìbáà ṣe lábẹ́ igi níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, òun ni yóò so ó mọ́ lọ́rùn. Onítọ̀hún náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn tí yóò gbé e fún. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ti ọrùn dé ọrùn títí agogo ìpadàsílé yóò fi lù. Ọrùn ẹni tó bá kù sí, onítọ̀hún ló máa jẹgba. Níbòmíràn, yóò gbá ọgbà ilé-ìwé, tàbí kí ó san owó ìtanràn. Àwọn mìíràn á gbé e sùn nílé, kí bàbá àti ìyá wọn lè fojú ara wọn rí i.

Àwa tí a wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1985 bá a níbẹ̀. Òmìnira ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nígbà náà.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa ni nǹkan yìí ti ṣẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, ní àwọn ọdún 1800 sókè, irú rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ àwọn ọmọ Bretagne lọ́rùn nítorí pé èdè Breton ni wọ́n ń sọ, àti àwọn ọmọ gúúsù tó ń sọ Occitan. Àwọn ọmọ Wales náà rí tiwọn. Ní Kenya, Ngũgĩ wa Thiong'o kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Decolonising the Mind (1986) pé bọ́tìnì ni wọ́n ń lò ní ilé-ìwé òun: bí ọjọ́ bá parí, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó gbé e fún un, ẹni yẹn náà á sì dárúkọ ẹlòmíràn, títí gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ yóò fi hàn síta. Àbí ẹ ò rí i? Òkun àti aṣálẹ̀ là wọ́n láàárín, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n dá.

Ní tiwa, àṣẹ ti Dakar wá ní 1924, nígbà tí ìjọba Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tún ètò ẹ̀kọ́ tò. Àṣẹ náà sọ pé Faransé nìkan ni kí wọ́n máa lò nílé-ìwé, kí olùkọ́ má sì fi èdè ìbílẹ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀. Dakar jìnnà sí Sakété. Signal ni àṣẹ náà fi rìn dé abẹ́ igi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré.

Ẹ wá wo ohun tí ààlà ṣe. Ní 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lórí ibi tí ilẹ̀ oníkálukú yóò mọ. Ìlà yẹn gba àárín àwọn Ànàgó kọjá, ó gba àárín àwọn Ìfọ̀nyìn, ó gba àárín àwọn Kétu. Ẹ̀gbọ́n wà níhìn-ín, àbúrò wà lọ́hùn-ún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọ ilé-ìwé, wọ́n ní kó pa èdè ìyá rẹ̀ mọ́ ẹnu. Ọmọ àbúrò wọ ilé-ìwé ìjọ, A B D ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ, nítorí pé Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde láti 1843, àwọn ìjọ sì ti ń fi èdè náà kọ́ni. A ò sọ pé ti ìhà kejì jẹ́ ọ̀run o. Àwọn àgbà ibẹ̀ mọ iye tí wọ́n san ní ilé-ìwé gíga nítorí pé wọ́n sọ "vernacular". Síbẹ̀, bí ẹ bá mú lẹ́tà méjì tí àwọn ìbátan kọ síra wọn láti ìhà méjèèjì, ẹ ó rí i pé ẹni ìhà ọ̀hún lè kọ Yorùbá, tiwa ní láti wá ẹni tí yóò bá a kà á. Ìyẹn dun àwa tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé lẹ́yìn tí a ti di olùkọ́ tán ni a tó jókòó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tí a ti ń sọ láti kékeré.

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ signal, ẹgba ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Lójú tiwa, ẹgba kọ́ ló burú jù níbẹ̀. Ara tí a nà yóò san. Èyí tó burú ni pé wọ́n sọ ọmọ di amí lórí ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ sọ sétí ọ̀rẹ́, orin tí ọmọbìnrin méjì ń kọ bí wọ́n ti ń ta ẹsẹ̀, igbe "yéè, ìyá mi o" tí ọmọ ké nígbà tó fẹsẹ̀ kọ òkúta, gbogbo rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnìkan lè jèrè lórí rẹ̀. Ọmọ kò ní ibì kankan ní ọgbà yẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jẹ́ tirẹ̀. Àwọn kan yan láti dákẹ́. Olùkọ́ á ní ọmọ náà kò gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́n, ọrùn rẹ̀ ló ń ṣọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Òun náà ló jẹ́ ká gbọ́ Faransé dáadáa." A ti gbọ́ ọ títí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹni tó so nǹkan mọ́ wọn lọ́rùn.

Òfin wá ńkọ́? Òfin ti wà ó ti pẹ́. Láti 1962 ni ìwé àṣẹ ìjọba ti jáde tó ń ká olùkọ́ lọ́wọ́ kò lórí ọ̀rọ̀ ọmọ nínà. Òfin ìpìlẹ̀ ti 11 oṣù Kejìlá 1990 sọ ní ìpín kọkànlá rẹ̀ pé gbogbo ẹ̀yà ló ní ẹ̀tọ́ láti lo èdè tirẹ̀. Ọdún 1990 yẹn kan náà ni Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé: ìpín kẹrìndínlógún rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má tojú bọ àṣírí ọmọ, ìpín kejìdínlọ́gbọ̀n ní kí ìbáwí ilé-ìwé má tàbùkù ọmọ. Lẹ́yìn náà ni Code de l'enfant dé, òfin 2015-08 ti 8 oṣù Kejìlá 2015, tó fòfin de ìyà tó ń pa ọmọ lára tàbí tó ń dójú tì í. Ní 2013, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dán èdè ìbílẹ̀ mẹ́fà wò ní àwọn ilé-ìwé kan, Yorùbá sì wà lára wọn. Èdè tí wọ́n ń torí rẹ̀ na bàbá, ọmọ ń fi kọ́ ìṣirò.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé okùn ọrùn ti já pátápátá. Ó ti bọ́ sínú fóònù. Ọmọ tí kò tíì san owó, wọ́n yà á ní fọ́tò. Ọmọ tó gba òdo, ìwé rẹ̀ wà lórí WhatsApp kí ó tó délé. Ọmọbìnrin tó lóyún, orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀ ti yí ká Sakété I kó tó di alẹ́. Òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àdáni wà láti 2009, Code du numérique ti 2018 sì tún mú un le sí i. Àwòrán ọmọ àti orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́. Àwọn tó ń fi máàkì dẹ ọmọbìnrin wò ní CEG, òfin 2006-19 ti dè wọ́n, òfin 2021-11 sì ti gbé ẹjọ́ wọn lọ sí CRIET. Ẹ̀yin òbí, ní ìpàdé APE, ẹ yéé béèrè owó tábìlì nìkan. Ẹ béèrè ẹni tó ń ya ọmọ yín ní fọ́tò, àti ibi tó ń kó o lọ.

Ìbéèrè kan kù sí wa lọ́wọ́ fún ẹ̀yin àgbà. Bí signal àtijọ́ kan bá ṣì wà nínú àjà yín, ìbáà ṣe pákó, ìbáà ṣe eegun, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ gbé e wá. Àwọn ọmọ kíláàsì CM2 wa gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irọ́ ni.