Synonym: Ọ̀rọ̀ Tí Ìtumọ̀ Wọn Jọra

Synonym ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn jọra. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló ti ṣẹ̀ wá, ó sì gba inú èdè Látìnì kó tó dé Gẹ̀ẹ́sì.

Nínú ìwé Categories tí Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí kan lára àwọn Gíríìkì náà, kọ, nǹkan ni synonym, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ènìyàn àti màlúù jẹ́ synonym lójú rẹ̀, nítorí pé ẹranko ni orúkọ tó kó àwọn méjèèjì pọ̀, ìtumọ̀ kan náà ni orúkọ ọ̀hún sì ní lára wọn. Inú Rhetoric, ìwé rẹ̀ mìíràn, ló ti lò ó bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, fún ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì tí wọ́n jẹ mọ́ lílọ àti rírìn.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ jàra nínú Gẹ̀ẹ́sì, ogun sì wà lára ohun tó fà á. Nígbà tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, èdè Faransé di èdè ààfin. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà tún ń yá ọ̀rọ̀ lò láti inú Látìnì. Bí kingly, royal àti regal ṣe pàdé nìyẹn: onílé ni kingly, Faransé ló bí royal, Látìnì ló bí regal. Ti ọba ni gbogbo wọn, síbẹ̀ royal family là ń pe ìdílé ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá pè é ní kingly family, wọ́n á mọ̀ pé àlejò ni.

Àlejò bẹ́ẹ̀ ni Hester Lynch Piozzi rò nígbà tó gbé British Synonymy jáde ní 1794. Ará Ítálì ni ọkọ rẹ̀, àwọn àjòjì tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ya ìwé náà sọ́tọ̀ fún. Ó to àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì ṣàlàyé ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bá a mu. Iṣẹ́ ribiribi ni, ó sì yẹ ká máa dárúkọ obìnrin náà ju bí a ti ń ṣe lọ. Ní 1816, George Crabb tẹ̀ lé irú ọ̀nà yìí nínú ìwé tirẹ̀.

Ọ̀nà tí Peter Mark Roget gbà yàtọ̀. Dókítà ni, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ jọ fún ara rẹ̀ láti 1805. Ní 1852, ó tẹ Thesaurus rẹ̀ jáde, ó pín ọ̀rọ̀ sábẹ́ 1,000 àkòrí, kò sì ṣàlàyé ìyàtọ̀ àárín wọn. Ó sọ ọ́ kedere nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ tó ń ṣí ìwé náà kì í ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú ọ̀hún. Wọ́n á rí die àti expire lójú kan, wọ́n á rò pé ọgbọọgba ni. Ènìyàn lè die, ó sì lè expire. Ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà a máa expire, kì í die. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé, ẹ má ṣe mú ọ̀rọ̀ nínú ìwé Roget láìkọ́kọ́ yẹ ìtumọ̀ rẹ̀ wò nínú ìwé atúmọ̀ èdè.