Ẹrù Tí Kò Hàn Lórí Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹrù tí ó wà lórí aláàrù hàn sí gbogbo ènìyàn. Ẹni tí àánú bá ṣe yóò bá a sọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹrù kan wà tí ojú kì í rí. Òun ni másùnmáwo, ìdààmú tí ń wúwo lé ọkàn títí ara yóò fi sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ. Bí a ti ṣe dá ẹrù yìí mọ̀ lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà jẹ́ ìtàn tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀.

Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Aró, lẹ́bàá ìlú rẹ̀. Kò há àwọn aláìsàn mọ́ inú odi. Ó mú kí wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tí ó wà nítòsí, olúkúlùkù pẹ̀lú ìbátan tí yóò máa se oúnjẹ tí yóò sì máa fọ aṣọ fún un. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé kò yẹ kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú dá wà.

Ní Aró yìí kan náà ni Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ láti Kánádà, ti ṣiṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ó ṣàkíyèsí pé ẹ̀dùn kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé wá. Wọ́n ní orí ń ta àwọn bí iná, tàbí pé ohun kan ń rìn nínú rẹ̀ bí èèrà. Bí wọ́n bá ṣí ìwé, ojú a ṣú. Wọn a ka ojú ewé kan tán láìmọ ohun tí wọ́n kà. Orúkọ tí àwọn fúnra wọn ń pè é ni "brain fag", èyíinì ni àárẹ̀ ọpọlọ. Ní 1960 ni Prince kọ̀wé lé e lórí.

Ohun méjì ni Prince tọ́ka sí. Èkíní, ọmọ tí ó dàgbà láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn wá ń dá jókòó ti ìwé, òun nìkan. Èkejì, gbogbo ẹbí ni ó dá owó ilé-ẹ̀kọ́ jọ. Bí ó bá yege, gbogbo wọn ni yóò jẹ níbẹ̀, bí ó bá kùnà, ojú gbogbo wọn ni yóò tì. Ní 1980, Olufemi Morakinyo kọ nípa àìsùn àti oògùn tí ń lé oorun lọ, tí àwọn kan ń lò kí wọ́n lè kàwé mọ́jú.

Àwọn kan rò pé àrùn àwọn aláwọ̀ dúdú ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi orúkọ yìí kan náà pe àárẹ̀ àwọn tí ó kàwé ju agbára wọn lọ ní ilẹ̀ wọn. Níbikíbi tí a bá ti gbé ìrètí ènìyàn púpọ̀ lé orí ẹnì kan ṣoṣo, orí náà lè rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún olùkọ́, yálà ní Sókótó tàbí ní Kàlàbá. Ọmọ tí ó ń mú orí dání lójú ìwé, tí oorun sì dá lójú rẹ̀ bí ìdánwò ti ń súnmọ́, lè máà jẹ́ ọ̀lẹ rárá, kò sì yẹ kí pàṣán jẹ́ ìdáhùn sí i. Kí a bi í léèrè bí ó ti ń sùn. Kí a kó o pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti jọ kàwé. Kí a pe òbí rẹ̀, kí a sì fi sùúrù sọ fún wọn pé ìfẹ́ wọn ti di ẹrù. Bí kò bá sì dínkù, kí a mú un lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ọwọ́ kan kì í sì í sọ ọ́ kalẹ̀.